Ibi Tí Inga Ti Ń Dákẹ́

Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì 2025

Luke Ọlọ́runtóyìn pè mí lórí fóònù nígbà tí mò ń sá aṣọ. Ó ní òyìnbó obìnrin kan láti Sweden ń bọ̀ wá ṣe àwo orin ní stúdíò òun ní Bódìjà, ó sì ń wá elégbè tí ohùn rẹ̀ ti gbó. Mo ní ta ló sọ fún un pé ohùn mi ti gbó. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Mùsílí, mo fẹ́ sọ pé ó ti dàgbà ni." Ìyẹn ò kúkú yàtọ̀. Mo gbà.

Láti ìgbà tí Alhaja Shukurat olórin ti kú, ọdún kẹta rèé, èmi tí mo gbè fún wọn fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣúgà àti ọṣẹ ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ṣàngó. Ọyẹ́ ti la ètè mi. Ìwé yìí, Nabeelah ọmọ mi ló fún mi. Wọ́n pín in fún wọn níbi ìpàdé kan níléèwé, ó ní òun ò nílò rẹ̀. Èmi náà ò mọ ohun tí màá fi ṣe títí di òní.

Alàmísì, 16 Jánúárì

Nabeelah wá òyìnbó náà lórí fóònù. Inga Norrvik lorúkọ rẹ̀. A wo fídíò rẹ̀ títí dátà fi tán. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, irun rẹ̀ dà bí òwú, ó dúró láàárín yìnyín pẹ̀lú fìlà pupa, ó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú èyí ìkẹyìn, ó ti lé ní ogójì, kò wọ ohunkóhun tó ń dán, ó jókòó ti dùùrù. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ń wọni lára. Orin kan wà tí Nabeelah ti mọ̀ láti pírámárì, tí gbogbo wọn máa ń jó sí níparí ọdún. Orúkọ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá la ti rí i pé Inga ló kọ ọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ mọ̀ pé ẹni ńlá lẹ fẹ́ lọ gbè fún o."

"Ṣé ẹni kékeré ni mo ti ń gbè fún tẹ́lẹ̀ ni?"

"Alhaja tóbi ní Ìbàdàn. Èyí tóbi láyé."

 Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Ajé, 20 Jánúárì

Kẹ̀kẹ́ láti Ṣàngó sí Bódìjà ti fowó kún un, wọ́n ní epo ni. Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé bàbá Luke ló sọ di stúdíò, ó fi fóòmù bo gbogbo ògiri. Nígbà tí mo dé, Inga ló ń gbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbá a bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọṣẹ́. Mo sáré lọ gbà á, ó tún gbà á padà. Luke ní kí n fi í sílẹ̀, pé kò sí ibi tó máa kọrin sí tí kò ní kọ́kọ́ gbá fúnra rẹ̀.

Ó ti kọ́ "ẹ" lọ́dọ̀ Luke, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dá a dúró. "Ẹ káàárọ̀" fún mi, ó dáa. "Ẹ káàárọ̀" fún máígádì, ó dáa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀," fún ológbò Luke.

Ẹnì kejì tá a jọ ń gbè ni Òkìkíọlá, ọmọ ìjọ Baptist láti Akobo, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi inú ìgò. Ó mọ orin kà lórí ìwé, èmi ò mọ̀ ọ́n. Inga ní ká kọ orin èyíkéyìí tó bá wù wá. Mo ní ta ló máa dá a. Ó ní kí n dá a. Mo ní èmi kì í dá orin, mo máa ń gbè ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Òkìkíọlá ló padà dá a. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ohùn mi wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, Inga sì gbé orí sókè. Ìyẹn nìkan ni mo fi rìn wálé láti ìsàlẹ̀ Ṣàngó láì mọ̀ pé ó ń rẹ̀ mí.

Jímọ̀, 24 Jánúárì

A jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Òkìkíọlá kì í jẹ́ kí ẹnu sinmi, ó ní kí Inga sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Inga ò yára, èmi náà gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú kékeré kan lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, tí oòrùn kì í sì í yọ tí òtútù bá dé. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yẹn ló ti kọ orin àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ orin kan mú un ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, orin rẹ̀ kan sì gba gbogbo rédíò. Ni wọ́n bá ní láti ìsinsìnyí lọ, orin tí àwọn àgbà kan bá kọ fún un ni kó máa kọ. Ó ní òun ò ṣe. Wọ́n ní ó ti buwọ́ lùwé, bí kò bá ṣe tiwọn, kò gbọdọ̀ ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wà bẹ́ẹ̀, kò lè gbé orin jáde. Ó ń kọ orin fún àwọn ẹlòmíràn kó lè jẹun, orin náà ń gba ẹ̀bùn lórúkọ wọn.

Òkìkíọlá ní, "Ṣé inú ò bí yín ni?"

Inga ní inú bí òun, àmọ́ òun ń kọ́ṣẹ́ lọ bí inú ṣe ń bí òun.

Ọjọ́ tí àdéhùn náà parí, ó padà sílé, ó gbá gáréèjì ìyá rẹ̀, ó gbé dùùrù síbẹ̀, ó sì ṣe àwo orin kan ní òun nìkan. Àwo yẹn ló gbé e yí ayé ká.

Mo jẹ ẹ̀wà mi tán. Òun, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Èmi, kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn. Èmi ni mi ò jáde.

Ọjọ́rú, 29 Jánúárì

Orin mìíràn lónìí. Obìnrin kan ń pe ilé lórí fóònù, ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. A ń gbè é lọ dáadáa. Lójijì, Inga dákẹ́ láàárín orin. Dùùrù dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ègbè, mo tún un gbé lẹ́ẹ̀kejì, mo fojú sọ fún Òkìkíọlá pé kó wá bá mi dì í mú. Òkìkíọlá ń wò mí bí ẹni tó rí ejò.

Inga ní kò sí nǹkan kan, pé ibẹ̀ ni ìdákẹ́ wà. A bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. A débẹ̀. Mo tún gbè é.

Ẹnu mi kọ́ o. Ẹ̀kọ́ Alhaja ni. "Mùsílí, bí mo bá dákẹ́, aṣọ ló já lára mi yẹn. Ìwọ lo máa bò mí kí ayé tó rí i." Níbi wòlíìmọ̀ kan ní Olúyọ̀lé, ikọ́ gbá wọn mú láàárín orin; ègbè kan ṣoṣo ni mo ń yí mọ́ra títí wọ́n fi mu omi tán, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìborùn orí wọn ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá dúró kí n máa wo ẹni tó wà níwájú mi níhòòhò?

Alàmísì, 30 Jánúárì

Ó tún ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo ti di ètè mi mú, ohùn gba imú jáde.

Inga bọ́ nǹkan etí rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Luke wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Orin yẹn gan-an ló gbé e wá sí Nàìjíríà. Bí ẹ ò bá lè dákẹ́ níbẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ jókòó, kí Òkìkíọlá àti ẹlòmíràn gbè é."

"Ẹlòmíràn wo?"

"Ọmọ kan wà ní Àgbowó."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Àǹtí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí."

Tí ọkùnrin bá ti ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni.

Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì

Mo sọ ọ́ fún Gàfárù ọkọ mi bó ṣe ń fọ bàtà tó fi ń wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹni tó ń sanwó fún ọ ní kí o dákẹ́, o ní o ò lè dákẹ́. Èmi tí mi ò sanwó, mo ti ń bẹ̀ ọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo lọ sunkún nílé ìwẹ̀.  Tòmátì ti gun òkè, mo fi tàtàṣé díẹ̀ sí ọbẹ̀, kò pọ́n.

Ajé, 3 Fẹ́búárì

Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n máa lé mi. Inga ní kí n wá jókòó ti òun lórí àtẹ̀gùn. Luke dúró nítòsí, bóyá a máa nílò ẹni tó máa túmọ̀.

Ó ní ní ọdún tí òun gba ẹ̀bùn tó tóbi jù lọ nílẹ̀ wọn, nǹkan wú lọ́nà ọ̀fun òun. Wọ́n là á. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn lè má padà mọ́. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ ń kú lọ nílé ìwòsàn tó jìnnà, ìjì yìnyín sì ti dí ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sí ìyá létí. Inga ò lè sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mí sínú fóònù.

"Mi ò gbàgbé orin níbẹ̀," ó ní. "Ibẹ̀ ni ìyá mi wà."

Ojú tì mí. Mo ní kí Luke bá mi ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń gbè kì í jẹ́ kí ojú ti ẹni tó ń dá orin. Inga bi mí.

"Ṣé pé ẹ̀ ń bò mí láṣìírí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu imú. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń kọrin, àwọn tó wà lẹ́yìn òun máa ń dúró wo bóyá òun máa ṣubú ni, kò sí èyí tó bo òun rí.

Ó wá sọ ohun tó ń fẹ́. Tí ìdákẹ́ náà bá parí, kì í ṣe ohùn òun ló fẹ́ kó padà wọlé. Ohùn ẹlòmíràn ni, ní Yorùbá, ohùn ẹni tó ti pẹ́ nídìí orin. Tèmi ni. Kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Òde orin wa yóò wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ní ọ̀sán.

Mo ní mi ò kọ orin rí. Ó ní, "Àkókò ṣì wà."

Luke ń sìn mí dé géètì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ báyìí o. Bí ẹ ò bá lè dákẹ́, a ò ní ibi tí ẹ máa gbà wọlé."

Èmi náà mọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Ta ló tún máa wá sí Ṣàngó wá sọ fún mi pé kí n wá dá orin?

Alàmísì, 6 Fẹ́búárì

Kò síná. Mo kọ ìlà mẹ́rin. Mo ya á.

Ajé, 10 Fẹ́búárì

Gbogbo ohun tí mò ń kọ ló ń dún bí Alhaja. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ bá mi dúpẹ́," mo rántí pé ti Alhaja ni. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ayé ẹ wò mí," ti Alhaja ni. Àfi bí ẹni pé mo wọ ilé, mo bá aṣọ olóògbé lórí gbogbo àga.

Mo bi Inga bó ṣe máa ń ṣe é. Mo rò pé ó máa sọ nǹkan ìjìnlẹ̀. Ó ní tó bá jí, ó máa ń rìn, á máa kọrin sínú fóònù bó ṣe ń rìn, ohun tó bá ṣáà ti wá sẹ́nu. Ó jẹ́ ká gbọ́ ti àárọ̀ yẹn. Ìwo ọkọ̀, ẹni tó ń polówó ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń sọ "la la la" bí ọmọ ọwọ́. Kò dára. Òkìkíọlá ní, "Kò dára o." Inga ní bẹ́ẹ̀ ni, kò dára, mẹ́wàá tí kò dára máa ń jáde kí ẹyọ kan tó jáde. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí i ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ọjà Bódìjà, àwọn olókùúta àti onípákó ń wò ó, ó ń kọrin sọ́wọ́, kò wo ẹnì kan.

Obìnrin tí orin rẹ̀ ti dé ibi gbogbo, ó ṣì ń jí lárààárọ̀ lọ kọ èyí tí kò dára. Èmi tí mi ò kọ ọ̀kan rí, àkọ́kọ́ mi ni mo fẹ́ kó dùn.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Màá kọ èyí torí kò sẹ́ni tó máa kà á. Ohùn Inga já lónìí nídìí orin gíga kan, ó já pátápátá, ó ní láti jókòó. Kí àánú tó ṣe mí, nǹkan kan dùn mọ́ mi nínú, bí inú ọmọ iléèwé ṣe máa ń dùn tí olùkọ́ bá pàdánù ṣọ́ọ̀kì. Kò pẹ́, ó kọjá. Àmọ́ mo rí i.

Òun ló wá bẹ̀ wá pé ká má bínú. Ó mu omi gbígbóná, ó gbé orin náà sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó tún un kọ. Kò sí ìtìjú kankan lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò padà bó ṣe wà kí wọ́n tó là á, ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ pé òjò ò rọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ló fi ń kọrin.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Ó wá.

Ní Ṣàngó, mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ akérò kan mú kí ìyá arúgbó kan lè wọlé. Ọmọ rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Àpò gàrí wọn wọlé. Ọkùnrin kan tó gbé adìẹ gba abẹ́ apá mi kọjá, òun náà wọlé. Nígbà tó kàn mí, kò sáyè. Mo ní, "Ẹ sún díẹ̀." Kò sẹ́ni tó mira. Mo tún un sọ. Ọmọ iléèwé kan di nǹkan sétí, ó ń wo iwájú. Àfi bí mo ṣe gbé e lórin, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀:

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ sún díẹ̀, èmi náà ń bọ̀."

Ìyá arúgbó yẹn rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gbá ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn sún. Onímọ́tò ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa san ti adìẹ o, ẹ ti dá a lára yá." Kí n tó dé Bódìjà, ìyókù ti wá:

Mo dì'lẹ̀kùn mú f'éèyàn wọlé,
Ẹsẹ̀ mi ṣì wà níta.
Ẹ sún díẹ̀, ẹ sún díẹ̀,
Èmi náà ń bọ̀.

Mo rọra ń kọ ọ́ títí tí wọ́n fi gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn. Kò dùn mí.

Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo kọ ọ́ fún wọn. Mo fi ọwọ́ há itan. Luke túmọ̀ rẹ̀. Inga ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó ní kí n tún un kọ. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Dùùrù tirẹ̀ ló yí padà, ó ń wá ibi tí ohùn mi ń gbà, ó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹni tó tó báyẹn, tó tẹ̀ lé mi.

Lẹ́yìn náà a gbé odindi orin náà. A dé ibi ìdákẹ́. Mo kùn. Kò ju yànmùyánmú lọ, àmọ́ ẹ̀rọ Luke gbọ́ ọ.

Luke ní, "Òkìkíọlá, kọ́ ẹsẹ yẹn o."

Ó kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó dùn ju tèmi lọ. Mo kọ ọ́ síbí torí òótọ́ ni. Inga ń wo ilẹ̀.

Èmi àti Òkìkíọlá jọ rìn dé títì. Mi ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má fojú burúkú wò mí. Mi ò fẹ́ ẹ. Tí mo bá kọ ọ́, ó ń dún bí ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀."

Ẹ̀rín pa mí láì fẹ́.

"Báwo lo ṣe ń dákẹ́ níbẹ̀?"

"Mo máa ń pe bàbá mi nínú ni. Tẹ́ ẹ bá ń pe èèyàn nínú, ẹnu á dúró. Ẹ̀yin rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi fẹ́ fi nǹkan sí i."

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Ooru. Orógbó nìkan ni mo jẹ títí di ọ̀sán. Nabeelah ní mò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Jímọ̀, 21 Fẹ́búárì

A débẹ̀. Mo ní nínú mi, Alhaja, ẹ wá jókòó. Wọ́n jókòó, pẹ̀lú ìborùn wọn. Mo rí ìka wọn tó máa ń gbá orúnkún. Mi ò ní láti bò wọ́n, wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó. Nígbà tí mo gbọ́ dùùrù, mo ti ń kọ ẹsẹ mi.

Luke gbé àtàǹpàkò sókè láti ẹ̀yìn gíláàsì. Inga wá dì mọ́ mi, ó rùn bí ọṣẹ tí mò ń tà.

Ajé, 24 Fẹ́búárì

Àná ni. Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Gbọ̀ngàn Ring Road kún. Àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù, àmọ́ Òkìkíọlá ti kó àwọn ìyá ìjọ wọn wá, èmi náà ti kó àwọn ará àdúgbò wá. Gàfárù wọ agbádá bí ẹni tó ń lọ kí Ọba. Ooru mú, àwọn èèyàn ń fi ìwé ètò fẹ́ra. Inga gbá orí pèpéle fúnra rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá pàtẹ́wọ́.

Ó kọ ti ìgbà ọmọdé, ó kọ ti gáréèjì. Ó kọ èyí tí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà yẹn gbé jáde, àwọn ọmọ yunifásítì dìde, wọ́n ń pariwo, kò sì sọ fún wọn pé òun ló ni ín. Mo wò ó láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kéré. Mo ní obìnrin yìí, wọ́n gba orin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣáà ń gbálẹ̀, ó ń jókòó, ó ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan orin náà. Ó débẹ̀, ó dákẹ́.

Mo dákẹ́. Mo pe Alhaja, wọ́n wá. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ní Alihamudulilahi, ó ti bọ́ sí i.

Ìyá kan ní ìlà kẹta ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fara balẹ̀."

Ẹlòmíràn ní, "Á wá, á wá. Ẹ jẹ́ ó mí."

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ni ìyá ìlà kẹta bá gbé ègbè, ègbè tí èmi àti Òkìkíọlá ti ń gbé láti òkè, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á. Kó tó pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń gbè, wọ́n ń bo òyìnbó láṣìírí. Luke káwọ́ lérí nídìí ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi kí Inga lè rí i pé èmi kọ́.

Inga la ojú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó yíjú sí wọn. Mo rò pé ó máa dìde lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì nu ún. Wọ́n gbè é yí po. Ó jẹ́ kí wọ́n gbè é tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó wá wẹ̀yìn, ó fi àgbọ̀n pè mí.

Ìlà àkọ́kọ́, ohùn mi fọ́ bí abọ́. Mo gbọ́ ọ, gbogbo ayé gbọ́ ọ. Mo rántí Inga tó gbé orin wá sí ìsàlẹ̀, èmi náà gbé e wá sí ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ látorí "Mo dì'lẹ̀kùn mú." Inga bá mi débẹ̀. Nígbà tí mo dé "Ẹ sún díẹ̀," ẹ̀rín bú, ọkùnrin kan sún lórí àga rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ sún, gbogbo ìlà náà sún, àga kan ṣubú lápá ẹ̀yìn. Mo dá a lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbè é. Mo dá a, wọ́n gbè é. Ọkùnrin náà ké láti ibi tó wà, "A ti sún, ìyá, ẹ máa bọ̀." Òkìkíọlá ń gbè fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inga Norrvik ń gbè fún mi, ó ń ṣi Yorùbá náà pè.

A délé, Gàfárù bọ́ agbádá. Ó ní, "Èmi pàápàá sún."

Alàmísì, 27 Fẹ́búárì

Inga lọ lónìí. Kó tó wọ ọkọ̀, òun àti Luke ń bá ara wọn jiyàn lójú géètì. Luke fẹ́ kí èyí tá a ṣe ní stúdíò wọ inú àwo, èyí tó mọ́, tí mo dákẹ́ níbẹ̀. Inga ní ti gbọ̀ngàn ni. Luke ní ohùn ò mọ́, ọmọ kan ń sunkún, àga ṣubú. Inga ní ó ti ń kọ orin yẹn káàkiri láti ọjọ́ yìí, ní ìlú ńláńlá, gbogbo wọn máa ń jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á jẹ́ kí òun àti ìyá òun dá wà níbẹ̀. Ó ní àwọn wọ̀nyí nìkan ló wọlé wá kí àwọn méjèèjì.

Orin tó ti mọ bó ṣe fẹ́ kó rí láti ọdún yìí wá, ó jẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn tún un ṣe. Èmi ì bá má gbà.

Ó ní orúkọ mi máa wà lórí orin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀ pátápátá. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo kọ ọ́ fún un: Mùsílímátù Adégbénró. Ó pè é títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ó kí ológbò pé, "Ó dàbọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Àìkú, 2 Máàṣì

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀. Luke pè. Ó ní Inga ní kí òun jẹ́ iṣẹ́ kan fún mi.

"Ó ní ẹ ti wọlé báyìí. Kí lẹ fẹ́ ṣe nínú ilé?"

"Ó ń bú mi ni?"

"Orin kejì ló ń bèèrè, Àǹtí."

Mo ní mi ò ní orin kejì. Ó ní òun máa sọ fún un. Mo ní kó má tíì sọ fún un.

Mo gba fóònù Nabeelah lẹ́yìn sààrì, mo rìn láti ilé wa dé ọ̀nà Poly, mò ń kọ ọ́ sínú rẹ̀, ọ̀fun gbígbẹ. Ọlọ́kadà kan ní, "Alhaja, ta lẹ̀ ń bá jà?" Mi ò wò ó. Mo kọ mẹ́ta. Mo jókòó nídìí ìsọ̀ mi, mo gbọ́ wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dára. Èyí àárín burú débi pé mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wá ra ọṣẹ fi bèèrè bóyá ara mi le.

Mo ta ọṣẹ fún un. Mo tún gbé fóònù, mo jáde kí oòrùn tó mú.